Ọkọ̀ Odò Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Rhine àti Moselle: Ẹ Wo Àkókò Ìrìn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀pọ̀ bàbá àti màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní ọmọ ní Jámánì, ní Holland tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí òbí bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tó bá pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ a máa wá ẹ̀bùn tó ju aṣọ àti bàtà lọ, ìrìn-àjò orí ọkọ̀ odò sì wà lára ohun tí wọ́n ń fojú sùn. Èyí tó kúrú là ń yẹ̀ wò níbí: alẹ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Ọkọ̀ á gbéra ní Cologne, á gòkè odò Rhine dé Rüdesheim, á padà sísàlẹ̀ dé Koblenz, á yà wọ odò Moselle lọ sí Cochem, á sì padà sí Cologne. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á kì í ṣe ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ń tọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ọjà gidi ni, ó sì bá àgbàlagbà mu ju ìrìn-àjò bọ́ọ̀sì lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn máa tú ẹrù. Ṣùgbọ́n etí odò ni owó yín ń rà. Yàrá àti oúnjẹ kàn tẹ̀lé e ni. Bí ọkọ̀ bá lọ gba ibi tó rẹwà jù kọjá ní aago méjì òru, yàrá tóóró tó ń mì díẹ̀díẹ̀ lẹ fi owó gọbọi rà. Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwòrán bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì oúnjẹ, ẹ béèrè ìwé tó sọ wákàtí tí ọkọ̀ ń gbéra àti wákàtí tó ń gúnlẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè fún yín ní wákàtí yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀sán ti pọn dandan ni láàrin Koblenz sí Rüdesheim. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 65, UNESCO sì kà á mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní 2002. Àwọn ilé olódi tó wà lórí òkè lápá ọ̀tún àti lápá òsì odò tó bí ogójì. Ẹni tó bá mọ ìtàn oníbodè tó ń jókòó sẹ́nu odi ìlú láyé àtijọ́ nílẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ní pẹ́ lóye ìdí tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Owó ibodè ni. Olóyè tó bá ní òkè létí odò á gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ ọjà tó ń kọjá, èyí tó tẹ̀ lé e náà á tún gbà. Pfalzgrafenstein ní Kaub, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1327, wà láàrin odò gan-an, torí owó ibodè yìí ni wọ́n sì ṣe kọ́ ọ síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù ni ogun ti wó, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Marksburg, tó wà lókè ìlú Braubach, nìkan ló wà lórí òkè ní agbègbè yìí tí ogun kò wó rí. Bí ètò ọkọ̀ yín bá ní ìbẹ̀wò sí Marksburg, ẹ yàn án ṣáájú ilé olódi mìíràn.

Lẹ́yìn Kaub ni àpáta Loreley, tó ga ní mítà 132 lókè omi. Odò fún níbẹ̀, ó jìn, ó sì ya kọ́nà débi pé ọkọ̀ tó ń lọ kò lè rí èyí tó ń bọ̀. Iná àmì ni wọ́n fi ń darí wọn láti Oberwesel dé St. Goar. Bí ẹ bá wà lókè ọkọ̀ nígbà yẹn, ẹ máa rí i bí ọkọ̀ ẹrù tó ń sọ̀kalẹ̀ ṣe ń fi ìdí gbá ìṣàn omi kó tó lè yí kọ́nà náà. Kò sí afárá kankan láti Mainz dé Koblenz. Pọ́ńtúù ló ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá.

Ohun mìíràn tí àwọn tó ń tà á kì í sábà ṣàlàyé ni pé ìṣàn odò ń yí wákàtí padà. Láti Koblenz gòkè lọ sí Rüdesheim, ọkọ̀ á gbà tó wákàtí mẹ́fà. Láti Rüdesheim sọ̀kalẹ̀ padà, bíi mẹ́rin ni. Nítorí náà, ètò tó dára jù ni èyí tó fi òwúrọ̀ ọjọ́ kejì gòkè, kí ojú lè ráyè wo nǹkan. Èyí tó gòkè lóru tó sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án ṣì ṣeé gbà. Èyí tó ṣe méjèèjì lóru, kí ẹnikẹ́ni má rà á. Bó bá jẹ́ oṣù kọkànlá tàbí oṣù Kérésìmesì lẹ ń lọ, ẹ rántí pé ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ẹ lè máa mọ ibi tí ẹ dé fúnra yín. Pátákó funfun tó ní nọ́ńbà wà létí odò Rhine ní gbogbo kìlómítà, láti afárá Konstanz ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Rüdesheim wà ní nǹkan bí 526, Bacharach ní 543, Kaub ní 546, Loreley ní nǹkan bí 554, Koblenz ní 592, Cologne ní 688. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sínú ìwé kékeré kan fún màmá tàbí bàbá. Bí wọ́n bá ń gòkè, apá òsì ni Loreley máa wà.

Ètò kan wà tó ń fi Bernkastel kún alẹ́ mẹ́rin yìí kan náà. Ẹ ṣọ́ra fún un. Láti Koblenz dé Bernkastel jẹ́ kìlómítà 129 lórí Moselle, lọ́ọ̀kì méje, ìyẹn yàrá omi onílẹ̀kùn tó ń gbé ọkọ̀ ga tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ló sì wà lọ́nà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kó Cologne, Rüdesheim àti Bernkastel pọ̀ sínú alẹ́ mẹ́rin kò ní í sinmi lóru, ibi kọ̀ọ̀kan á sì gbà wákàtí díẹ̀ péré. Bó bá jẹ́ Bernkastel lọkàn yín fà sí, ẹ ra alẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tàbí kí ẹ ra èyí tó fi Rüdesheim sílẹ̀ pátápátá. Tiwa ni pé Moselle sàn ju Rüdesheim lọ.

Ó yá, ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó sábà máa ń gùn ní mítà 110 tàbí 135. Fífẹ̀ rẹ̀ lórí Moselle kò gbọdọ̀ ju mítà 11.45 lọ, torí pé lọ́ọ̀kì ibẹ̀ fẹ̀ ní mítà 12 péré. Ibẹ̀ ni ìdí tí yàrá fi há ti wá: kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè mú ọkọ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó gbówó lórí tó. Àjà mẹ́ta ló sábà máa ń ní, pẹ̀lú òrùlé tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí èèyàn lè jókòó sí.

Àjà ìsàlẹ̀ ló pọ́ọ́kú jù. Fèrèsé rẹ̀ kéré, kì í ṣí, omi odò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè kì í dé àjà yìí, kì í sì í dé orí òrùlé. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, àjà àárín ni kí ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ ro owó tó fi lé. Àwọn yàrá àjà àárín àti ti òkè máa ń ní ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń ṣí sí irin ìdènà. Àyè ìjókòó kò sí lóde, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ béèrè nọ́ńbà yàrá kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wò ó lórí àwòrán ọkọ̀. Yàrá tó wà nídìí ọkọ̀ gangan ń gbọ́ ẹ́ńjìnì. Èyí tó wà níwájú ń gbọ́ ṣéènì àti ìpáta tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Àárín ló dákẹ́ jù.

Ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe ti pátápátá o. Rélùwéè wà lápá méjèèjì odò Rhine, ọkọ̀ ẹrù sì ń gba ibẹ̀ kọjá mọ́jú. Ní Rüdesheim, ojú irin kò jìnnà rárá sí ibi tí ọkọ̀ ń so mọ́. Ohun dídí etí, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, kò wọ́n. Ẹ mú un dání. Ní orí Moselle, bí ọkọ̀ bá wọ lọ́ọ̀kì lóru, àlàfo tó kù lápá kọ̀ọ̀kan kò ju bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ẹ lè gbọ́ tí ara ọkọ̀ bá fara kan ògiri. Ẹ sọ fún màmá ṣáájú pé kò sí ewu níbẹ̀, kí ọkàn wọn má bàa já.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ibùdókọ̀ kò tó ní àwọn ìlú yìí, nítorí náà wọ́n a máa so ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lè ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì tí ẹ sanwó lé lórí, kó jẹ́ yàrá àlejò mìíràn lẹ máa kọjú sí, ní nǹkan bíi mítà kan péré. Láti bọ́ sílẹ̀, ẹ máa gba inú ọkọ̀ ẹlòmíì kọjá, nígbà mìíràn ẹ máa gun òrùlé, kí ẹ tún sọ̀kalẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣèlérí pé èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń lo ọ̀pá gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lọ.

Níbi omi ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Láti Iffezheim dé òkun, kò sí lọ́ọ̀kì lórí Rhine. Bí òjò àti yìnyín orí òkè bá ṣe rí ni odò á ṣe rí. Ibi tí omi ti ń fà jù ni Kaub, nọ́ńbà ìwọ̀n omi Kaub ni gbogbo awakọ̀ odò sì ń wò láràárọ̀. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe jíjìn odò fúnra rẹ̀. Bó bá wà ní 78 sẹ̀ǹtímítà, ojú ọ̀nà ọkọ̀ jìn ní nǹkan bíi mítà 1.90, ẹ fi nǹkan bí 112 kún nọ́ńbà náà, ẹ ti rí i. Ní oṣù kẹwàá 2018, ó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 25. Ní oṣù kẹjọ 2022, ó dé nǹkan bí 32. Ọkọ̀ èrò kò wọ inú omi tó ti ẹrù, ó sì lè kọjá níbi tí ti ẹrù ti dúró, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ti wọ ogójì sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé bọ́ọ̀sì lè di ọkọ̀ yín.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn odò yìí ni ìparí ooru wọn wọ oṣù kẹwàá. Àkúnya náà ní tirẹ̀, ní ìgbà òtútù àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní Cologne, bí omi bá ti kọjá mítà 8.30 lórí ìwọ̀n ibẹ̀, wọ́n á dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ló fọkàn balẹ̀ jù. Oṣù kẹsàn-án rẹwà torí ìkórè àjàrà, ẹni tó bá yàn án kàn gbọ́dọ̀ máa wo ìwọ̀n Kaub lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba Jámánì ń gbé e jáde lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni.

Moselle kò ní ìṣòro ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Jámánì, Faransé àti Luxembourg fọwọ́ sí àdéhùn ní 1956, wọ́n fi ìdídò àti lọ́ọ̀kì sí i, wọ́n sì ṣí i ní 1964. Mẹ́wàá nínú lọ́ọ̀kì yìí ló wà ní ilẹ̀ Jámánì. Lọ́ọ̀kì jẹ́ yàrá omi tó ní ìlẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn: ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á jẹ́ kí omi kún títí ọkọ̀ á fi ga bá odò tó wà níwájú. Láti Koblenz dé Cochem, mẹ́ta lẹ máa gbà: Koblenz, Lehmen àti Müden. Ṣùgbọ́n odò tó gbára lé ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn náà lè ṣe é ní jàǹbá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2024, ọkọ̀ ẹrù kan kọlu ìlẹ̀kùn lọ́ọ̀kì Müden, ó sì bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ há sí òkè odò, ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì 2025 kí wọ́n tó ṣí i padà.

Kí lẹ máa ṣe sí èyí? Ẹ ka ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ̀rọ̀ nípa omi. Púpọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ pé àwọn lè fi bọ́ọ̀sì àti òtẹ́ẹ̀lì rọ́pò ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ló tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí àkópọ̀ ìrìn-àjò, òfin 2015/2302 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá yí ohun pàtàkì inú rẹ̀ padà kí ẹ tó gbéra. Bó bá ti wà lójú ọ̀nà, ẹ lè béèrè kí wọ́n dá apá kan owó padà. Ẹ kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ fún ọ̀gá inú ọkọ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ̀sùn tí èèyàn gbé dé ilé kó tó kọ ọ́ kì í rìn jìnnà.

Ní ti àwọn ìlú: Cologne tóbi ju ohun tí wákàtí mẹ́ta lè gbé lọ, nítorí náà ẹ wọ inú Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn nìkan. 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1880 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga ní mítà 157, àtẹ̀gùn 533 ló sì wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà dán an wò. Rüdesheim ni ibi tí ariwo àti ọjà àrìnrìn-àjò ti bo ìlú. Òpópónà Drosselgasse tí gbogbo ètò ń polówó kò gùn ju mítà 144 lọ, èrò a sì máa kún un fọ́fọ́. Ẹ gba ọkọ̀ orí wáyà kọjá lórí oko àjàrà lọ sí ibi ère Niederwald, kí ẹ wo odò láti òkè, ó tó. Ní Koblenz pẹ̀lú, ọkọ̀ orí wáyà kan wà tó ń ré odò Rhine kọjá lọ sí odi Ehrenbreitstein, látòkè ibẹ̀ lẹ sì ti máa rí ibi tí Moselle ti ń dà sínú Rhine kedere.

Cochem rẹwà lójú, ilé olódi Reichsburg sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Louis XIV ti Faransé ló wó o ní 1689. Oníṣòwò kan láti Berlin, Louis Ravené, rà á ní 1868, ó sì tún un kọ́. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ kò dàgbà tó bó ṣe jọ. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dá wọ inú rẹ̀. Amọ̀nà ló ń mú yín kiri fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Òkè rẹ̀ ga, bọ́ọ̀sì kékeré wà láti ìsàlẹ̀ ìlú.

Bernkastel-Kues ló wú wa lórí jù. Àwọn ilé onígi ojú ọjà rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò, pàápàá Spitzhäuschen ti 1416, tí ìdí rẹ̀ tóóró ju òkè rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ré afárá kọjá sí apá Kues. Ibẹ̀ ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Kádínà Nicholas ti Cusa, ọmọ ìlú náà tí wọ́n bí ní 1401, dá sílẹ̀ ní 1458. Aláìní 33 ló ní kó máa gbé ibẹ̀, iye ọdún tí Jésù lò láyé. Oko àjàrà ni ó fi sílẹ̀ kí owó má bàa tán, àwọn arúgbó ṣì ń gbé ibẹ̀ dòní, wáìnì ilé náà ṣì ń tà. Ilé ìkàwé rẹ̀ ní ìwé àfọwọ́kọ tó ju 300 lọ, ọkàn Kádínà náà ni wọ́n sì sin sínú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ wà ní Róòmù. Ẹnikẹ́ni tó ti bá wọn dá ẹgbẹ́ tàbí àjọ aláàánú sílẹ̀ nílé, tó sì mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń kú tí olùdásílẹ̀ bá ti kú, á dúró pẹ́ nínú ọgbà yẹn. Amọ̀nà ọkọ̀ kì í sábà mú èèyàn débẹ̀; ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ọ̀rọ̀ wáìnì wá kàn. Riesling, àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì funfun, ni ọba etí odò méjèèjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù débi pé àjàrà ì bá má gbó dáadáa. Àwọn òkè tó dagun sí oòrùn ló gbà á là, pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ dúdú tó bo ilẹ̀, tó ń mu ooru lọ́sàn-án, tó ń tú u sílẹ̀ lóru. Ní Bremm, oko Calmont dagun tó dígírì 65, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ níbẹ̀ torí tirakítọ̀ kò lè gùn ún.

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ́ wáìnì dídùn ló máa ń bínú jù ní ìtọ́wò, torí wọ́n á gbé èyí tó kan fún un. Ẹ wo ara ìgò. Bó bá jẹ́ "trocken" ló wà lára rẹ̀, kò dùn. "Feinherb" wà láàrin. "Lieblich" dùn. Spätlese tàbí Auslese, ìyẹn wáìnì àjàrà tí wọ́n jẹ́ kó gbó dáadáa kí wọ́n tó ká a, tí kò ní "trocken" lára sábà máa ń dùn pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rú yín lójú, ẹ wo ìwọ̀n ọtí rẹ̀: Riesling Moselle tó wà ní 7 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ní ṣúgà tí kò tíì di ọtí nínú, èyí tó bá tó 12, ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, wọ́n ń ta Federweißer, wáìnì tuntun tó ṣì ń hó bí ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti oko. Ìdérí rẹ̀ kì í pa dé torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ mu ún níbẹ̀, ẹ má ṣe dì í sínú báàgì.

Mùsùlùmí àti onítẹ̀bọmi tí kì í fẹnu kan ọtí kò ní pàdánù ìtọ́wò. Kí wọ́n béèrè Traubensaft, omi àjàrà lásán, ọ̀pọ̀ olóko ló ní in. Èyí tí wọ́n kọ "alkoholfrei" sí lára yàtọ̀: ọtí díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, títí dé 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tún ni ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́, torí Speck, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́, ń wọ inú ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà tútù tí èèyàn kò ronú kàn, wáìnì náà sì ń wọ inú ọbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń sanwó, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ wọkọ̀, torí oúnjẹ ni wọ́n ti ń rà sílẹ̀ kí èrò tó dé.

Oúnjẹ inú ọkọ̀ pọ̀, ata ni kò sí. Ata gígún àti gàrí díẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin ẹran àti wàrà, ṣùgbọ́n ẹran gbígbẹ, wàrà àti ohunkóhun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ wọ Yúróòpù nínú ẹrù arìnrìn-àjò. Máńgò Ògbómọ̀ṣọ́ náà nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ ti oníhò róbótó méjì, ṣájà wa kò lè wọ̀ ọ́ láìsí ádápítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà ẹ fi sínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú ìwé dókítà láti LAUTECH tàbí Bowen. Kì í sábà sí dókítà nínú ọkọ̀ odò.

Físà Schengen ló máa gba àkókò jù. Abúlé Schengen fúnra rẹ̀ wà létí Moselle yìí kan náà, lápá Luxembourg, nínú ọkọ̀ odò Princesse Marie-Astrid ni orílẹ̀-èdè márùn-ún sì ti fọwọ́ sí àdéhùn Schengen, èyí tó fẹ́ mú ìyẹ̀wò ẹnubodè kúrò láàrin wọn, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1985. Torí pé gbogbo alẹ́ ìrìn-àjò yìí wà ní Jámánì, Jámánì lẹ máa kọ̀wé sí, Èkó ni ẹ sì máa lọ. Ẹ sùn sí Èkó mọ́jú ọjọ́ náà. Ẹni tó bá gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kan náà ń fi àyè tó gbà ta tẹ́tẹ́. Owó físà jẹ́ 90 Yúrò fún àgbàlagbà. Ẹ lè kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó sì pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Ìpinnu sábà máa ń gba ọjọ́ 15, ó sì lè tó 45. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò, inṣọ́ránsì ìlera kò sì gbọdọ̀ dín ní 30,000 Yúrò.

Ohun tó máa ń kó bá àwọn tó ra ọkọ̀ odò ni ẹ̀rí ibùgbé. Ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, ọjọ́, àti ìlú tí ọkọ̀ máa wà lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ tó ṣáájú ọkọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e náà nílò òtẹ́ẹ̀lì tàbí ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè gbé òbí gba ibẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé òbí ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ọ̀tọ̀ ni. Ó rọrùn kí wọ́n bá bàálù Èkó sí Frankfurt lọ. Rélùwéè ayára-bí-àṣá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, wákàtí kan péré ló sì gbà dé Cologne. Kí wọ́n dé ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọkọ̀ odò kì í dúró de bàálù tó pẹ́.

Kí ẹ tó fi iye orí íntánẹ́ẹ̀tì wéra, ẹ fi ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kún un: ìbẹ̀wò sí àwọn ìlú, ohun mímu, owó ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá yàrá gbé lè san fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì.

Bí àròpọ̀ náà bá ju agbára lọ, ọ̀nà mìíràn wà, kò sì rẹlẹ̀. Ẹ gba òtẹ́ẹ̀lì ní Koblenz fún alẹ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ẹ bá ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Köln-Düsseldorfer (KD) tó ń ná ọ̀nà yìí lójúmọmọ gòkè lọ sí Rüdesheim. Ilé-iṣẹ́ yìí ti wà láti 1826, ìgbà tójú ọjọ́ dára láàrin Àjíǹde sí oṣù kẹwàá ló sì ń rìn. Lọ́jọ́ kejì, rélùwéè á gbé yín dé Cochem kó tó pé wákàtí kan. Bí ẹ bá ń ti Rüdesheim bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ rélùwéè tó ń gba etí ọ̀tún odò padà sí Koblenz, kí ẹ sì jókòó sí apá òsì, torí ibẹ̀ ni omi wà.